Owó orí ọjà ní Amẹ́ríkà: ọ̀nà mẹ́rin tí oníṣòwò lè gbà forúkọ sílẹ̀, àti èyí tó yẹ yín

Ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa sí Houston, ẹni tó ń rán gèlè àti aṣọ òkè ní Maryland, ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ará Atlanta lórí ayélujára: ìbéèrè kan náà ló máa kan gbogbo wọn. Ṣé kí n lọ gba ìwé àṣẹ owó orí ọjà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sales tax? Bí mo bá sì máa gbà á, ọ̀dọ̀ ta ni, ní ìpínlẹ̀ mélòó?

Èsì méjì ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, méjèèjì ló sì ń kó oníṣòwò sí gbèsè. Àwọn kan á ní àwọn ti gba EIN, ó ti parí. Àwọn mìíràn, ẹ̀rù á ti bà wọ́n, wọ́n á lọ forúkọ sílẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti rí oníbàárà ẹyọ kan. EIN kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ńbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń dá òwò mọ̀ ni, IRS, ìyẹn àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, ló ń fúnni, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kì í sì í gba owó orí ọjà. Àwọn ìpínlẹ̀ ló ń gbà á, ìlú àti káúntì (bí ìjọba ìbílẹ̀ nílé) sì ń fi tiwọn lé e lórí. Ìpínlẹ̀ márùn-ún péré ni kò ní irú owó orí bẹ́ẹ̀: Alaska, Delaware, Montana, New Hampshire àti Oregon. Ní Alaska pàápàá, àwọn ìlú kan ń gba tiwọn.

Ẹni tó ti ń bá VAT ṣe nílé, ìyẹn ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2020, kó má rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Lórí VAT, gbogbo ọwọ́ tí ọjà bá gbà kọjá ló ń gba owó náà, oníkálùkù á sì yọ èyí tó ti san kúrò nínú èyí tó gbà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni ìkẹyìn nìkan, ẹni tó fẹ́ lo ọjà náà, ló ń san án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á láti tún un tà kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹni tẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹ bá ti fún un ní ìwé tó jẹ́rìí pé títà lẹ fẹ́ tà á. Ní Texas, fọ́ọ̀mù 01-339 ni. Ní Georgia, ST-5. Ní New York, ST-120. Èyí nìkan tó láti sún èèyàn lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ń ra páálí ìpara àti ọṣẹ lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá ní Houston láìní nọ́ńbà ìwé àṣẹ tó máa kọ sórí fọ́ọ̀mù yẹn, á san ìdá 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo páálí, ẹni tó bá sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ á tún san án lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tí òfin ti mú yín

Kí ẹ tó yan ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ mọ ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ohun méjì ló ń fa oníṣòwò wọ ìpínlẹ̀ kan.

Èkíní ni pé kí nǹkan yín wà níbẹ̀: ṣọ́ọ̀bù, òṣìṣẹ́, tàbí ẹrù. Ọ̀rọ̀ ẹrù yìí ló ń mú àwọn tó ń ta ọjà lórí Amazon láìròtẹ́lẹ̀. Bí Amazon bá kó ẹrù yín láti ilé ìkẹ́rùsí kan lọ sí òmíràn ní ìpínlẹ̀ tẹ́ ò dé rí, ẹ̀yin náà lẹ ṣì ni ẹrù ọ̀hún, ìpínlẹ̀ yẹn sì lè sọ pé ẹ wà lọ́dọ̀ àwọn. Bákan náà ni ẹni tó kó ọjà lọ tà níbi àjọ̀dún ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kódà kó jẹ́ ọjọ́ méjì péré. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ fún irú ìyẹn.

Èkejì ni iye tẹ́ ẹ tà síbẹ̀. Láti ọdún 1992 tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Quill, ìpínlẹ̀ kankan kò lè fipá mú oníṣòwò tí kò ní nǹkan kan lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ kan náà yí i padà nínú ẹjọ́ South Dakota àti Wayfair. Gbèdéke tí South Dakota lò nígbà náà ni ọjà tó tó 100,000 dọ́là lọ́dún tàbí ìtajà 200. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù bá tẹ̀ lé e, àmọ́ oníkálùkù fi tirẹ̀ sí i. South Dakota fúnra rẹ̀ yọ apá ìtajà 200 kúrò ní ọdún 2023.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ẹ dá LLC (iléeṣẹ́ tí gbèsè rẹ̀ kì í sábà kan ẹni tó ni ín) sílẹ̀ ní Delaware nítorí wọ́n ní kò sí owó orí ọjà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidi. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ kọ́ ni òfin ń wò. Ibi tí ẹrù wà àti ibi tí oníbàárà ti gbà á ló ń wò. Ẹni tí kò ní SSN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ará Amẹ́ríkà) tàbí ITIN (nọ́ńbà owó orí tí IRS ń fún ẹni tí kò ní SSN) ò lè gba EIN lórí ojú òpó IRS. Fọ́ọ̀mù SS-4 ló máa kọ, á sì fi fáàsì tàbí lẹ́tà ránṣẹ́, tàbí kó pè wọ́n. Ìyẹn sì máa ń gba àkókò, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: kí ẹ fúnra yín lọ bá ìpínlẹ̀

Ọ̀nà yìí ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tó ní ìpínlẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ ká fi Texas ṣe é.

Ọ́fíìsì Comptroller of Public Accounts, ìyẹn àjọ owó orí Texas, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Ojú òpó wọn lẹ ti máa kọ ọ́. AP-201 ni fọ́ọ̀mù bébà. Ọ̀fẹ́ ni. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àwọn agbódegbà pọ̀ lórí ayélujára tó ń gba owó gọbọi lórí nǹkan tí ìjọba ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Comptroller lè ní kí ẹ fi owó ìdúró sílẹ̀, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe owó fọ́ọ̀mù.

Orúkọ òwò ni wọ́n máa bèèrè, bóyá LLC ni tàbí ti ẹnì kan ṣoṣo, SSN tàbí EIN, àdírẹ́sì ibi tí ọjà wà gan-an, irú ọjà tẹ́ ẹ ń tà, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ tajà. Ẹ fara balẹ̀ síbi ọjọ́ yìí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ ni ìpínlẹ̀ á ti máa retí ìròyìn ìtajà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó kọ oṣù Kìíní, tí kò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù títí di oṣù Kẹfà, á rí lẹ́tà gbà lórí oṣù tí kò ta abẹ́rẹ́. Nígbà tí ìwé àṣẹ bá dé, ẹ gbé e kọ́ ibi tí oníbàárà ti lè rí i, òfin ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tó kù. Owó ìpínlẹ̀ jẹ́ ìdá 6.25, ti ìlú àti àwọn àjọ ìbílẹ̀ kò sì lè ju ìdá 2 lọ. Ní Houston, ìlú ń gba ìdá 1, àjọ ọkọ̀ èrò METRO ń gba ìdá 1, ó wá di 8.25. Gèlè tí ẹ ń ta ní dọ́là 80 á gba dọ́là 6 àti sẹ́ǹtì 60 lórí. Dọ́là 86 àti sẹ́ǹtì 60 ni oníbàárà á san. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lẹ ní ní Texas, iye ti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù yẹn lẹ máa gbà, kódà bí ẹ bá fi ọjà ránṣẹ́ sí Dallas.

Fọ́ọ̀mù ìròyìn kò le. Àpótí mẹ́ta ló ṣe pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ tà ní Texas, èyí tó ní owó orí àti èyí tí kò ní. Èkejì ni èyí tó ní owó orí nìkan. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò: ọjà tẹ́ ẹ rà láìsan owó orí, tẹ́ ẹ wá lò fúnra yín. Ìpara tẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù 01-339 rà, tẹ́ ẹ wá mú ìgò méjì lọ sílé, àpótí kẹta ló máa wọ̀.

Ọjọ́ 20 oṣù tó tẹ̀ lé e ni gbèdéke. Ẹni tí owó orí rẹ̀ kò tó 1,500 dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta lè máa fi ránṣẹ́ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ẹ ò bá sì ta nǹkan kan, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi òdo ránṣẹ́. Ohun tó ń gbé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ káàkiri ṣubú nìyí: ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ni ìròyìn mẹ́wàá, yálà ọjà lọ tàbí kò lọ.

Ẹ wo ohun tí àìpẹ́ ń mú wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí pípẹ́ ń gbà lọ. Ká ní dọ́là 600 ni owó orí oṣù kan. Bó bá dé lásìkò, Texas á fi ìdá 0.5 sílẹ̀ fún yín, ìyẹn dọ́là 3. Bó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, ìtanràn ìdá 5 á wọlé, ìyẹn dọ́là 30, dọ́là 50 á sì tún gorí rẹ̀ nítorí pé ìròyìn náà pẹ́. Ó ti di dọ́là 80 nìyẹn. Bó bá ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, ìdá 5 á di ìdá 10.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Owó tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà yìí kì í ṣe tiyín. Bí owó àjọ lọ́wọ́ alájọ ló rí: ọwọ́ yín ló wà, ẹlòmíràn ló ni ín. Bí ẹ bá fi san owó ilé, ìpínlẹ̀ lè gba orí LLC kọjá, kó wá bá ẹni tó di owó náà mú fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un ní báńkì, kí ẹ máa kó o síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀nà kejì: Streamlined

Ìpínlẹ̀ 24 ló para pọ̀ ṣe ètò yìí, àdéhùn wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2005. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lẹ máa kọ, ẹ ó sì yan ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ nínú wọn. Ọ̀fẹ́ ni èyí náà. Georgia wà níbẹ̀, New Jersey, North Carolina, Ohio, Indiana àti Minnesota náà wà níbẹ̀. Texas kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Maryland, New York, California, Illinois àti Florida. Ẹ rí i pé ọ̀pọ̀ ibi tí àwa èèyàn wa pọ̀ sí ni kò sí nínú ètò náà, nítorí náà kò lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa gbára lé.

Ìforúkọsílẹ̀ nìkan ló di ẹyọ kan. Ìròyìn ti oníkálùkù ìpínlẹ̀ ṣì dá dúró. Àmọ́ àǹfààní ńlá kan wà lára rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí ètò náà fọwọ́ sí, tí wọ́n ń bá oníṣòwò ṣírò owó orí, tí wọ́n sì ń bá a fi ìròyìn ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá ní ṣọ́ọ̀bù, òṣìṣẹ́ tàbí ẹrù ní ìpínlẹ̀ náà, tẹ́ ẹ sì kún ojú òṣùwọ̀n wọn, ìpínlẹ̀ ló ń san owó iṣẹ́ yẹn. Fún ẹni tó ń fi ọjà ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mẹ́jọ nínú ètò náà, mi ò rí ọ̀nà mìíràn tó dín wàhálà kù tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kẹta: kí ọjà orí ayélujára máa gbà á fún yín

Amazon, Etsy, eBay àti Walmart ló ń gba owó orí lọ́wọ́ oníbàárà, tí wọ́n sì ń san án fún ìpínlẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ tó ní owó orí ọjà ló ti fi í sófin báyìí. Missouri ló ṣe é kẹ́yìn, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn, tí gbogbo ọjà rẹ̀ ń gba orí Etsy jáde, tó sì ń fi ránṣẹ́ láti ilé, ọ̀nà yìí tó o.

Ibi tí ààbò náà pin sí ni kẹ́ ẹ mọ̀. Ìtajà tó bá gba orí wọn kọjá nìkan ló bò. Ojú òpó tí ẹ fi Shopify kọ́ fúnra yín, ṣọ́ọ̀bù yín ni. Á bá yín ṣírò iye tó yẹ kẹ́ ẹ gbà, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa forúkọ sílẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa san án. Èyí tẹ́ ẹ tà lórí WhatsApp, tí wọ́n fi Zelle tàbí Cash App san, ọrùn yín ló wà. Ẹni tó bá sì ń gbé Texas fúnra rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ orí Amazon nìkan ló ti ń tà, ó ṣì nílò ìwé àṣẹ. Á kọ ìtajà orí Amazon sínú àpótí kìíní, kò sì ní kọ ọ́ sínú ìkejì.

Ọ̀nà kẹrin: kí ẹ sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n

Akáúńtáǹtì tàbí ètò orí kọ̀ǹpútà. Ó dára fún ẹni tí òwò rẹ̀ ti gbòòrò. Fún ṣọ́ọ̀bù kan ní Houston, owó ńlá ni fún iṣẹ́ kékeré. Ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá yàn án ni: lórúkọ ta ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì ti ìpínlẹ̀, lẹ́tà ìjọba sì ń lọ sí àdírẹ́sì ta ni? Bó bá jẹ́ ti akáúńtáǹtì ni, ẹ yí i padà lónìí. Bí òun bá gbàgbé, ẹ̀yin ni ìtanràn máa bá.

Ìpínlẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́

| | Texas | Georgia | Maryland | New York |
|---|---|---|---|---|
| Ti ìpínlẹ̀ | 6.25% | 4% | 6% | 4% |
| Ti ìlú àti káúntì | títí dé 2% | yàtọ̀ síra. Atlanta lápapọ̀ jẹ́ 8.9% | kò sí | yàtọ̀ síra. New York City lápapọ̀ jẹ́ 8.875% |
| Gbèdéke ẹni tó ń tà láti òde | $500,000 | $100,000 tàbí ìtajà 200 | $100,000 tàbí ìtajà 200 | $500,000 pẹ̀lú ìtajà tó ju 100 |
| Oúnjẹ tútù | kò sí owó orí | kò sí ti ìpínlẹ̀, ti káúntì wà | kò sí | kò sí |
| Aṣọ | owó orí wà | owó orí wà | owó orí wà | kò sí ti ìpínlẹ̀ bí kò bá tó $110 |

Maryland ló rọrùn jù láti ṣírò. Ìdá 6 ni níbi gbogbo, ó parí. Georgia ló ń dààmú èèyàn jù, nítorí pé iye ti ibi tí ọjà ń lọ lẹ máa gbà, káúntì kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ẹni tó ń ta gàrí níbẹ̀ tó rò pé oúnjẹ kò lówó orí, gbèsè ti káúntì á wà lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ Georgia lawọ́ sí ẹni tí kì í pẹ́: ìdá 3 lórí 3,000 dọ́là àkọ́kọ́ nínú owó orí náà ló ń fi sílẹ̀ fún un, àti ìdá 0.5 lórí ìyókù.

New York ló le jù. Ó kéré tán, ogún ọjọ́ ṣáájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òwò ló yẹ kẹ́ ẹ ti kọ̀wé fún Certificate of Authority, ìyẹn ìwé àṣẹ tiwọn. Ẹni tó bá tajà láìní in, ìtanràn lè tó 500 dọ́là ní ọjọ́ kìíní, 200 dọ́là lójoojúmọ́ lẹ́yìn náà, títí á fi tó 10,000 dọ́là. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta wọn pàápàá kì í bá kàlẹ́ńdà lọ: ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ló ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin onídìrí, ẹ gbọ́ èyí. Ní Texas, irun dídì kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó orí lé, àmọ́ wíìgì àti irun tẹ́ ẹ tà fún oníbàárà ní in. Ní New York City, ìlú ń gba ìdá 4.5 lórí iṣẹ́ irun fúnra rẹ̀. Onídìrí tó kó láti Houston lọ sí Brooklyn tí kò yí ìwé rẹ̀ padà ti jẹ gbèsè láti orí àkọ́kọ́. Oúnjẹ sísè náà yàtọ̀ sí tútù: àpò ìrẹsì kò lówó orí ní Texas, àmọ́ àwo jọ̀lọ́ọ̀fù tó gbóná ní in.

Èmi, èyí tí màá yàn

Ṣọ́ọ̀bù kan ní ìpínlẹ̀ kan: ọ̀nà kìíní, láìsan kọ́bọ̀ fún agbódegbà. Ẹni tó ń gbé Maryland tó ń fi gèlè ránṣẹ́ káàkiri: kó gba ìwé àṣẹ Maryland lónìí, kó sì máa kọ iye tó ń tà sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lóṣooṣù. Bí Georgia bá ti ń sún mọ́ ìtajà 200, kó gba Streamlined wọlé. Bí Texas ò bá tíì sún mọ́ 500,000 dọ́là, kó má yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó ń kó ẹrù sí ilé ìkẹ́rùsí Amazon, tó sì tún ní ojú òpó tirẹ̀, òun nìkan ni mo rò pé ó yẹ kó sanwó fún akáúńtáǹtì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ti ń tà láti ọdún pípẹ́ láìforúkọ sílẹ̀, kó má sáré lọ kọ fọ́ọ̀mù. Ìpínlẹ̀ tí ẹnì kan kò bá fi ìròyìn ránṣẹ́ sí rí lè padà sẹ́yìn bó ṣe wù ú. Ètò ìjẹ́wọ́-ara-ẹni wà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, voluntary disclosure ni wọ́n ń pè é: ìpínlẹ̀ á dín iye ọdún tó máa wò kù, á sì fojú fo ìtanràn. Ẹni tí ìpínlẹ̀ kò tíì kọ̀wé sí ni wọ́n ń ṣe é fún, ẹni tó bá sì ti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lè pàdánù rẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, Multistate Tax Commission, àjọ tí àwọn ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lórí owó orí, lè bá a ṣe é pa pọ̀. Níbí, ẹ wá akáúńtáǹtì tàbí lọ́yà tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ ti gba owó orí lọ́wọ́ oníbàárà tẹ́ ẹ sì ná an, ètò yìí kò lè pa ìyẹn rẹ́. Gbogbo rẹ̀ lẹ máa dá padà.

Bí ẹ bá sì pa ṣọ́ọ̀bù dé, tàbí tẹ́ ẹ kó kúrò ní ìpínlẹ̀ kan, ẹ fi ìròyìn ìkẹyìn ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà. Kíkúrò nílùú nìkan kì í tì í, ìtanràn lórí ìròyìn tí kò dé á sì máa ka iye tirẹ̀ lọ.